Egbò Tí Làtífù Yá Lò

Ọjọ́ tí Ṣemílọ́rẹ Dáramọ́lá kọ́kọ́ rí Làtífù, ọkùnrin kan ń bó awọ apá ara rẹ̀ bí ẹni ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, gbogbo èèyàn tó wà nínú gbọ̀ngàn sì ń pariwo. Inú fíìmù ni ọkùnrin náà wà. Gbọ̀ngàn kan ní Okokomáìkò ni wọ́n ti ń fi í hàn lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, wọ́n ti fi aṣọ dúdú dí gbogbo fèrèsé. Obìnrin tó jókòó níwájú Ṣemílọ́rẹ fi ọwọ́ bojú, ṣùgbọ́n ó la ìka méjì sílẹ̀ kó lè máa yọjú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sáré jáde lọ bì, ó nu ẹnu, ó tún sáré wọlé kí èyí tó kù má bàa fo òun. Awọ bó dé ìgúnpá. Ẹ̀jẹ̀ ń tú yàà. Ṣemílọ́rẹ bú sẹ́rìn-ín.

Tóyìn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó mú un wá, gún un ní ìgbáròkó. "Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín? Ṣé orí ẹ pé báyìí?"

"Wọ́n ní ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí apá yẹn ti ń jẹrà. Kí ló dé tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ṣì pọ́n bí ata tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀? Egbò irọ́ ni."

Ọkùnrin kan tó fara ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn gbọ́. Nígbà tí iná tàn, tí àwọn èèyàn ń jáde, tí oníkálukú ń fọwọ́ pa apá ara rẹ̀ tó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ ewu, ọkùnrin náà dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ má bínú, àǹtí. Ẹ̀yin lẹ rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan."

"Èmi ni."

"Èmi ni mo ṣe egbò yẹn. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ṣe é."

Ojú ti Ṣemílọ́rẹ, àmọ́ nọ́ọ̀sì ni, kò mọ bí wọ́n ṣe ń purọ́ lórí egbò. "Ó dáa lójú ẹni tí kò rí egbò rí. Ní tèmi, iṣẹ́ mi ni, ojoojúmọ́ ni mo ń wẹ̀ ẹ́."

"Kí ló wá kù níbẹ̀?"

"Ẹran tó ń kú kì í pọ́n bí ata. Á kọ́kọ́ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ògì tó ti bàjẹ́, á wá dúdú létí. Kì í sì í ṣẹ̀jẹ̀ tó báyẹn."

Làtífù kò bínú. Ó fa bírò yọ lápò, ó kọ ohun tí Ṣemílọ́rẹ sọ sí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó ní, "Ẹ tún sọ ti etí ẹ̀." Ibẹ̀ ni ọkàn Ṣemílọ́rẹ ti kọ́kọ́ yẹ̀. Kò tíì rí ọkùnrin tí wọ́n fi àṣìṣe rẹ̀ hàn án, tó ní kí wọ́n tún un sọ.

Làtífù kọ́kọ́ ń kọ pátákó ìpolówó fáwọn onísọ́ọ̀bù kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi rọ́bà ṣe ojú egbò. Ìṣẹ́yìn ni ìdílé rẹ̀ ti wá. Ìyá rẹ̀, Àlhájà Mùsítúrà, ń ta ẹní àti ike ní Ìyànà Ìbà, òun nìkan ló sì tọ́ ọ dàgbà. Láti ọjọ́ yẹn lọ, bí Ṣemílọ́rẹ bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ọsibítù aládàáni kan ní Ìbà, á bá Làtífù lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi níta, pẹ̀lú àpò ọ̀rá tí egbò rọ́bà wà nínú rẹ̀. Á gbé e jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, Ṣemílọ́rẹ á máa tọ́ka sí i. "Eléyìí jin jù." "Eléyìí dáa." "Eléyìí, Làtífù, o fẹ́ pa mí." Wọn á rẹ́rìn-ín. Wọn á jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà. Nígbà tó yá, Làtífù ń wá láìgbé egbò kankan dání.

"Kí ló dé táwọn èèyàn fi ń wá wo nǹkan tí wọ́n máa fọwọ́ bojú sí?" Ṣemílọ́rẹ bi í lọ́jọ́ kan.

Làtífù ronú díẹ̀. "Ara yìí, ta ló mọ ohun tó ń ṣe nínú? Ó lè máa jẹrà lọ káwa máa jó kiri. Ọjọ́ tí dókítà bá sọ fún èèyàn, òun nìkan ni yóò dá gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nínú gbọ̀ngàn, igba èèyàn ló ń ké pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí iná bá wá tàn, tó o wo apá ẹ, tó o bá a níbẹ̀… inú ẹ á dùn pé ìwọ kọ́. Ìdí ẹ̀ nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló tú Ṣemílọ́rẹ nínú. Ó sọ ohun tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, àní Tóyìn pàápàá. Ó sọ bí jẹjẹrẹ ṣe jẹ ọmú ìyá rẹ̀, Àyọ̀kẹ́, fún oṣù méje nínú ilé wọn ní Igbó-Elérin. Ó ní ìyá òun máa ń kọjú sí ògiri kí ẹni tó bá wọlé má bàa rí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, pé ìborùn àyìnrín kan ni ó ń tẹ́ sórí àyà. Láàárọ̀, á fi ìka méjì gbé ìborùn náà, á wò ó, á dá a padà, á ní, "Ó tún ti fẹ̀ sí i." Abọ́ èédú wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti gba òórùn egbò náà. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, egungun ìhà ti yọ.

Omijé ń bọ́ lójú Làtífù bó ti ń gbọ́. Ṣùgbọ́n Ṣemílọ́rẹ tún rí nǹkan mìíràn lójú yẹn, bó ṣe máa ń wo ohun tó bá fẹ́ mọ. Ó rí méjèèjì. Omijé nìkan ló gbà pé òun rí.

Ọdún kan kọjá. Làtífù ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Tóyìn ni wọ́n rán sí Dókítà Dáramọ́lá, bàbá Ṣemílọ́rẹ, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì, olùkọ́ yunifásítì tó ń kọ́ni nípa ewéko. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò sí ẹni tó rí i kó rẹ́rìn-ín mọ́.

Tóyìn kúnlẹ̀. "Dádì, Mùsùlùmí ni o. Mo ti kọ́kọ́ sọ ìyẹn kẹ́ ẹ má bàa sọ pé mo fi pamọ́."

"Mùsùlùmí kọ́ ni mo bi ọ́. Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Wọ́n ń… wọ́n wà nínú iṣẹ́ fíìmù, sà."

"Òṣèré ni?"

"Rárá, sà. Àwọn ló ń ṣe egbò tẹ́ ẹ máa ń rí lára àwọn òṣèré."

Dókítà Dáramọ́lá yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún títí. "Egbò ló fi ń ṣeré," ló wí.

Ní Ìyànà Ìbà náà, ọ̀rọ̀ kò rọgbọ. Àlhájà Mùsítúrà ju ẹní tó ń ká sílẹ̀. "Làtífù, ọmọ tí kò kírun, tí kò mọ Kùránì! Bí mo bá kú, ta ni yóò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣàdúà fún mi nílé ẹ?"

"Ẹ̀yin ò ní kú, Ìyá."

"Gbogbo èèyàn ló ń kú. Ìwọ tó ń ṣe ojú òkú tà yẹ kó o mọ̀."

Síbẹ̀, Dókítà kò sọ pé rárá. Ó ní fíìmù tuntun tí wọ́n sọ pé ọmọkùnrin náà ń bá ṣiṣẹ́, tó bá jáde, òun fúnra òun yóò lọ wò ó, lẹ́yìn náà òun yóò fèsì. Ṣemílọ́rẹ dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin lọ́jọ́ náà, ayọ̀ kò jẹ́ kó mọ̀ pé ìkúnlẹ̀ ló yẹ òun.

Ọjọ́ pé. Dókítà wọ kóòtù funfun tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó ní ìlà iwájú láàárín Ṣemílọ́rẹ àti Tóyìn. Làtífù dọ̀bálẹ̀ kí i tán, ó lọ fara ti ògiri, òógùn bò ó. Ṣemílọ́rẹ kò tíì rí fíìmù náà. Ó ti béèrè nígbà méjì, Làtífù ní kó fara balẹ̀, kó bá àwọn yòókù wò ó.

Obìnrin kan nínú fíìmù búra èké, àyà rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Ìborùn àyìnrín kan wà lórí àyà rẹ̀. Ó fi ìka méjì gbé e.

Ṣemílọ́rẹ yíjú wo Làtífù.

Egbò náà kún gbogbo ara ògiri tí fíìmù ń hàn sí, ó ga ju èèyàn méjì lọ. Kò sí ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀. Ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ níbi tó yẹ, ó dúdú létí, egungun ìhà yọ láàárín rẹ̀. Obìnrin náà wò ó, ó dá ìborùn padà. "Ó tún ti fẹ̀ sí i." Kámẹ́rà sọ̀ kalẹ̀ lọ bá abọ́ èédú lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Gbọ̀ngàn dà rú. "Yéè! Ẹ wo ọmú!" Ẹnì kan súfèé. Àwọn kan ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn pàtẹ́wọ́.

Dókítà Dáramọ́lá dìde wẹ́rẹ́. Ó rìn lọ bá Làtífù lára ògiri, ó di ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú, ó sì fi ìkúùkù lù ú lẹ́nu. Eyín kán. Ó tún lù ú. Ó gbá orí rẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀jẹ̀ ta sí etí ọwọ́ kóòtù funfun náà. Làtífù kò gbé ọwọ́ sókè.

"Ta ló fún ọ?" Ohùn bàbá náà já bí okùn. "Ta ló fún ọ ní ìyàwó mi?"

Làtífù ṣubú, Dókítà gorí rẹ̀, ó ń lù ú nìṣó. Àwọn èèyàn sì ń pàtẹ́wọ́! Wọ́n rò pé ara eré ni. "Wọ́n mà gbé e jáde wá bá wa o!" ni obìnrin kan ń wí, tó gbé fóònù sókè. Ogójì fóònù ló tàn yanran lórí ẹ̀jẹ̀ gidi, kò sì sẹ́ni tó sún mọ́ wọn àfi Ṣemílọ́rẹ àti Tóyìn, tí wọ́n so mọ́ bàbá náà lẹ́yìn títí wọ́n fi fà á kúrò.

Nílé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni bàbá sọ. "Ìwọ lo sọ fún un."

"Èmi ni, Dádì."

Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Làtífù wá lọ́jọ́ kejì, ẹnu rẹ̀ wú bí àkàrà. Ẹnu géètì ni Ṣemílọ́rẹ ti dá a dúró.

"Ṣemílọ́rẹ, mo rò pé mò ń bọlá fún wọn ni. Mi ò tíì ṣe egbò kankan pẹ̀lú ìfẹ́ tó báyẹn rí."

"Wọ́n súfèé sí i, Làtífù."

"Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa—"

"O sunkún pẹ̀lú mi lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Àṣé bó o ti ń sunkún, ò ń wọ̀n ọ́n." Ó ti géètì. Ó dúró sẹ́yìn rẹ̀ títí ó fi gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń lọ, ó wá fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀ kí ẹkún má bàa jáde.

Oṣù mẹ́rin kọjá. Ṣemílọ́rẹ ń wẹ egbò àwọn ẹlòmíràn, kò jẹun dáadáa. Nígbà míì á kórìíra Làtífù títí di ọ̀sán, tó bá di ìrọ̀lẹ́, á wo bẹ́ǹṣì náà kó tó mọ̀. Làtífù ní tirẹ̀ lọ bá Victor, ọ̀gá tó ni fíìmù náà, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó gé ibẹ̀ kúrò.

Victor rẹ́rìn-ín. "Ibẹ̀ làwọn èèyàn ń wá wò! Apá kejì là ń ṣe lọ yìí, àyà yẹn la máa tún lò."

Làtífù jáde lọ. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, ó wọ ibi tí wọ́n ń kó ẹrù fíìmù sí, ó gbé àyà rọ́bà náà láti ọrùn dé ìdodo, ó kì í sínú àpò ńlá. Ó fẹ́ gbé e lọ sí oko ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Ìjanikin, kó dáná sun ún, kẹ́nikẹ́ni má tún rí i mọ́.

Ní Ìyànà Ìbà, bó ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá láti wọ mọ́tò mìíràn, síìpù àpò náà já. Àyà já bọ́ sórí títì, ó yí gbirigbiri, ó dojú sókè.

"Ọmú èèyàn rèé o! Afiniṣowó! Ẹ gbà wá o, afiniṣowó!"

"Rọ́bà ni!" Làtífù ké. "Ti fíìmù ni! Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ jọ̀ọ́—"

Ẹni tó kọ́kọ́ lù ú, igi ló fi lù ú, ìṣó sì wà lára igi náà. Ó wọ èjìká rẹ̀, wọ́n fà á yọ pẹ̀lú ẹran. Bíríkì bọ́ sórí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lórí títì, ó gbọ́ nígbà tí ìka rẹ̀ fọ́. Wọ́n ya aṣọ mọ́ ọn lára. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ ní ikùn, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lórí. Láàárín àwọn ẹsẹ̀, Làtífù gbójú sókè, ó rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó bá a ya fọ́tò lọ́jọ́ kan lẹ́yìn fíìmù, tó dì mọ́ ọn tó sì ń pè é ní bàbá egbò. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Ọmọkùnrin náà wo ibòmíràn. Wọ́n gbé táyà wá, wọ́n kì í bọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹnì kan da epo bẹtiróòlù sí i lórí, ó ṣàn wọ egbò èjìká rẹ̀, igbe tí Làtífù ké kò jọ igbe èèyàn.

Igbe yẹn ni Àlhájà Mùsítúrà gbọ́ láàárín àwọn ike rẹ̀. Ó sáré, ìborí rẹ̀ já bọ́ sọ́nà, ó wọ́ ara rẹ̀ gba abẹ́ apá àwọn ọkùnrin, ó ṣubú lé ọmọ rẹ̀ lórí. "Ẹ da èyí tó kù sí mi lára! Èmi ni mo bí i! Ẹ ṣáná sí àwa méjèèjì!" Wọ́n fi irun fà á. Igi bà á níwájú orí, ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú, kò tú ọwọ́ ká.

Dókítà Dáramọ́lá ń bọ̀ láti yunifásítì, ó fẹ́ wọkọ̀ lọ sílé. Ó gbọ́ pé wọ́n mú ẹni tó gé ọmú obìnrin. Ó gba àárín èrò kọjá, ó rí àyà náà lórí ọ̀dà, ó sì rí ẹni tó wà lábẹ́ táyà. Ó jẹ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà pé ohun tó kọ́kọ́ wá sí òun lọ́kàn ni pé Ọlọ́run ti bá òun dá ẹjọ́ náà. Ó ní òun tiẹ̀ yí padà, òun gbé ẹsẹ̀ méjì. Ohùn ìyá yẹn ni kò jẹ́ kí òun gbé ẹ̀kẹta.

"Ẹ dúró!" Ohùn tó fi ń bá ẹgbẹ̀ta akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ ló fi pariwo. "Rọ́bà ni! Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti rí i rí."

"Bàbá, ẹ kúrò níbẹ̀! Tó bá jẹ́ rọ́bà, ẹ gé e ká rí i."

Kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kan nǹkan náà. Obìnrin tó ń ta ọ̀pẹ̀ òyìnbó na ọ̀bẹ rẹ̀ sí Dókítà. Dókítà kúnlẹ̀ lórí títì. Àyà náà wà níwájú rẹ̀ gan-an bó ti rí láàárọ̀ ọjọ́ tí Àyọ̀kẹ́ kú. Ó gbé ọ̀bẹ sókè, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹnì kan ti mú ìṣáná jáde, ó fẹ́ ṣá a.

"Àyọ̀kẹ́, dákun," ló wí, ó sì gún un.

Ó fà á ya láti ọrùn dé ìdodo. Fóòmù yẹ́lò tú jáde. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú rẹ̀, ó ń fà á tu, ó ń jù ú lù wọ́n lójú, ó ń sunkún kíkan. "Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ dà? Ẹ gbà! Ẹ jẹ ẹ́! Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ dà?"

Fóòmù fọ́n káàkiri títì. Ẹni tó mú ìṣáná dá igi rẹ̀ padà sínú páálí, ó fi páálí náà sápò. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í túká lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ki fóònù bọ àpò, bí ìgbà tí fíìmù bá parí.

Ọsibítù tí Ṣemílọ́rẹ ti ń ṣiṣẹ́ ló sún mọ́ wọn jù. Ìka méjì ọwọ́ ọ̀tún Làtífù kò ṣe é gbà là. Èjìká rẹ̀ gba kòkòrò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ṣemílọ́rẹ ló ń wẹ̀ ẹ́ láràárọ̀, fún ọjọ́ mẹ́fà kò sì sọ ju "gbé apá" àti "fara dà á" lọ. Làtífù á fi eyín di ìrọ̀rí mú.

Lọ́jọ́ keje, Victor wá kí i. Ó kí i ní pẹ̀lẹ́, ó ní àwọn tó ti wo fídíò lílù náà lórí fóònù ti ju àwọn tó wo fíìmù lọ, pé kí àwọn tètè lò ó. Bó ti ń sọ̀rọ̀ ló ti gbé fóònù sókè sí èjìká tí wọ́n ṣí sílẹ̀. Làtífù fi ọwọ́ òsì fa aṣọ bo ara, kò dé èjìká, ó bá yí padà pẹ̀lú ìrora, ó kọjú sí ògiri.

Ṣemílọ́rẹ gba fóònù náà, ó ti Victor jáde, ó sì ju fóònù tẹ̀lé e. Nígbà tó padà, Làtífù ò tíì yí ojú kúrò lára ògiri. 

"Mi ò mọ̀, Ṣemílọ́rẹ. Gbogbo ohun tó o sọ ni mo ṣe, àwọ̀ ẹ̀, etí ẹ̀. Mi ò mọ̀ pé bó ṣe ń rí nìyí, kéèyàn máa wò ọ́."

Ṣemílọ́rẹ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.  "Mi ò tíì dárí jì ọ́ tán."

"Mo mọ̀."

"Ṣùgbọ́n mi ò lọ síbì kankan." Ó gbé aṣọ bo èjìká rẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ dáadáa.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, Àlhájà Mùsítúrà kó àwọn ẹbí láti Ìṣẹ́yìn wá sí Igbó-Elérin, àpá igi hàn kedere níwájú orí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ti lójútùú díẹ̀: kóòtù ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ ni wọn yóò ti so wọ́n pọ̀, kò sẹ́ni tí yóò fi dandan mú ẹnì kejì. Àlhájà ní ta ló tún fẹ́ kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń ṣàdúà, nígbà tí òun àti Dókítà ti jọ gba ọmọ lẹ́nu iná. Ṣemílọ́rẹ wà ní yàrá pẹ̀lú Tóyìn, wọn ò tíì pè é. Ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Làtífù dọ̀bálẹ̀. Dókítà kò ní kó dìde.

"Ìbéèrè kan ni mo ní. Kí lo mọ̀ nípa ìyá ìyàwó ẹ?"

 Gbogbo ohun tí Làtífù mọ̀, ó ti fi hàn lára ògiri.

"Oṣù méje lo mọ̀," Dókítà wí jẹ́ẹ́. "Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ló lò láyé. Dìde. Jókòó síbí." Ó gbá àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Lọ́dún tá a fẹ́ra, ní Adó, ó ní òun fẹ́ kọ́ mọ́tò wíwà. Mọ́tò ọ̀gá mi ni mo yá. Mo sọ fún un pé kó tẹ bíréèkì. Ó ní èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta…"

Ó sọ bí mọ́tò ṣe wọ inú ọgbà ọ̀gá, bó ṣe gbá àgò adìyẹ, bí adìyẹ mọ́kànlá nínú méjìlá ṣe wọ inú mọ́tò bá wọn láti ojú fèrèsé, tí Àyọ̀kẹ́ sì yọjú sí ọ̀gá pẹ̀lú ìyẹ́ lórí, tó kí i pé, "Ẹ káàárọ̀ sà, a wá kí yín ni." Àlhájà Mùsítúrà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, Ṣemílọ́rẹ gbọ́ ohùn kan tí kò gbọ́ láti ọjọ́ pípẹ́: bàbá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Kò dúró kí wọ́n pè é. Ó jáde sí pálọ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Làtífù níwájú gbogbo ẹbí, ó gba ọwọ́ oníka mẹ́ta náà sórí itan. Làtífù ò wò ó, bàbá ló ń wò, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, Ṣemílọ́rẹ wo ojú náà dáadáa, kò rí nǹkan mìíràn níbẹ̀.

"Ẹ dúró ná, kò tíì tán," Dókítà wí, ó ń nu ojú. "Adìyẹ kejìlá, ibo lẹ rò pé a ti rí i?"